Àmì, Àsọtẹ́lẹ̀ àti Ifá Dídá: Àwọn Ìbéèrè tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Ìbéèrè kan náà ni tọmọdé tàgbà ń gbé wá, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. A kó wọn jọ síbí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí yín. Àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àmì, àsọtẹ́lẹ̀ àti àyẹ̀wò?

Àmì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ tí àwa wá ń túmọ̀: ẹyẹ ké lóru, ẹsẹ̀ kọ, ìpéǹpéjú ń jó. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Àsọtẹ́lẹ̀ ní ẹnu tó sọ ọ́ jáde kí ọ̀ràn tó dé, ì báà jẹ́ ẹnu wòlíì tàbí ti àgbà ilé. Àyẹ̀wò ní tirẹ̀, ńṣe la lọ béèrè: a gbé owó kalẹ̀, a sọ ọ̀rọ̀ sí i, aláyẹ̀wò sì fi ohun tó mọ̀ ọ́n lò wò ó, ọ̀pẹ̀lẹ̀ (ẹ̀wọ̀n Ifá) ni o, owó ẹyọ ni o, obì tàbí yanrìn.

Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó ń wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ibi tí wọ́n ti ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí òwìwí ké lórí òrùlé rẹ̀ kò tíì gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Àmì ló rí, kò sì tíì sí ẹni tó tú u fún un.

Ṣé àfọ̀ṣẹ náà wà lára wọn?

Kò sí lára wọn. Àfọ̀ṣẹ kì í sọ ohun tó ń bọ̀, ó ń pàṣẹ pé kí ó wá ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni èpè àti ìwúre, nítorí pé agbára wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ jáde.

Ẹ wo ìtàn Aláàfin Aólẹ̀. Kí ó tó kú, ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù, sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ní ibi tí àwọn ọfà náà lọ ni wọn yóò ti kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Nígbà tí ogun àti òwò ẹrú wá tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní "ó ti sọ tẹ́lẹ̀". Kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gé e légùn-ún ni.

Ta ni kí n lọ bá: babaláwo, oníṣègùn, adáhunṣe tàbí aríran?

Babaláwo ni ẹni tó kọ́ Ifá lọ́wọ́ ọ̀gá fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ nífá. Bí obìnrin ni, ìyánífá ni. Oníṣègùn mọ ewé àti egbò. Adáhunṣe sábà máa ń pa oògùn ṣíṣe àti wíwò pọ̀. Aríran kì í lo irinṣẹ́, ojú rẹ̀ ló ń ríran. Babaláwo púpọ̀ mọ ewé, ṣùgbọ́n gbogbo oníṣègùn kọ́ ló lè dífá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní babaláwo ni òun, ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kọ́ ọ ní tòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, inú rẹ̀ a tilẹ̀ dùn láti dárúkọ olúwo rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí babaláwo bá ń dífá?

Ikin, ìyẹn èkùrọ́ Ifá, mẹ́rìndínlógún wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á bù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá ti lè bù wọ́n tó. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, babaláwo á fi ìka tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀ròsùn, ìyẹ̀fun tó wà lórí ọpọ́n Ifá. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ojú kan ni yóò tẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kan tó kù, tàbí tó ku ju méjì lọ, kò kà, á tún un bù. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, láti ọ̀tún la sì ti ń kà á. Bí ojú mẹ́jọ náà ṣe lè yí padà láàárín ẹyọ àti méjì ló fi di 256 Odù: ojú odù 16, láti Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì, àti àmúlù 240.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlàjì èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, odù kan sì ni jíjù kan ń gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ọ̀pẹ̀lẹ̀ lójoojúmọ́, tí ikin sì wà fún ọ̀ràn ńlá, irú ìtẹnífá, ọ̀ràn ìlú, tàbí ọba tí wọ́n fẹ́ yàn.

Odù jáde tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Babaláwo á bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ẹsẹ tó wà nínú odù náà. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ awo tó dífá, á ní "a dífá fún" lágbájá, á sọ ohun tó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó gbọ́ ẹbọ ó rú tàbí ó kọ etí ikún, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ẹni tó wá béèrè á máa gbọ́ títí ìtàn kan á fi bá tirẹ̀ mu. Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbí díẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ náà ló ń mọ̀ pé "tèmi nìyí", kì í ṣe babaláwo nìkan ló ń sọ ọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé àwọn ẹsẹ wọ̀nyí láti ìran dé ìran, òun náà ló sì mú kí UNESCO ka Ifá mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005.

Ṣé dandan ni kí n sọ ohun tó ń ṣe mí fún babaláwo?

Kò pọn dandan. Ẹ ó mú owó, ẹ ó gbé e súnmọ́ ètè, ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ yín sí i wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ifá. Babaláwo kò gbọ́ nǹkan kan. Odù tó bá jáde ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jókòó tán tí ẹni náà ń fi ìbéèrè tú yín nínú, ó ń bi yín nípa ìyàwó, ó ń bi yín nípa ọ̀gá ibi iṣẹ́, kí ó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ ṣọ́ra.

Bí ọ̀rọ̀ bá ku ibi tó fẹ́ kí Ifá yàn, ìbò ni wọn yóò lò. Ẹ ó di owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, egungun sí ọwọ́ kejì, babaláwo kò sì ní mọ èyí tó wà níbo. Á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, odù tó bá dàgbà jù ni yóò sọ ọwọ́ tí ẹ ó ṣí. Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n ní Ọ̀yẹ̀kú Méjì jáde fún mi. Ṣé ikú ni?

Rárá o. Odù kì í ṣe ìdájọ́. Lẹ́yìn tí odù bá jáde, ìbò ni yóò sọ bóyá ire ló bá wá tàbí ibi. Ire ni owó, aya tàbí ọkọ, ọmọ, ẹ̀mí gígùn, ìṣẹ́gun. Ibi ni àwọn ajogun: ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, ọ̀ràn, èpè, ẹ̀wọ̀n, èṣe. Ọ̀yẹ̀kú lè gbé ire dé, Èjì Ogbè gan-an sì lè wá pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ odù lásán dẹ́rù bà yín kò ṣe dáadáa sí yín.

Ẹẹ́rìndínlógún ńkọ́? Obì ńkọ́?

Ẹẹ́rìndínlógún jẹ́ owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, àwọn olórìṣà ló sì ń dà á jù, pàápàá àwọn ọlọ́ṣun àti oníṣàngó. Wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á ka iye tó ṣí ẹnu sókè. Ẹyọ kan, Ọ̀kànràn ni; mẹ́jọ, Èjì Ogbè; mẹ́sàn-án, Ọ̀sá; méjìlá, Èjìlá Ṣẹ́bọra. Nítorí pé obìnrin púpọ̀ ló ń dà á, àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ rẹ̀ jinlẹ̀, òun ló sì tàn kálẹ̀ jù ní Brazil àti Kúbà.

Obì kì í sọ ìtàn gígùn. Obì aláwẹ́ mẹ́rin la ń lò: wọ́n á là á, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á wo iye tó dojú sókè. Bí méjì bá ṣí tí méjì bá dojú délẹ̀, obì yàn nìyẹn. A máa ń dà á láti mọ̀ bóyá òrìṣà gba ohun tí a gbé wá.

Òwìwí ké lórí ilé wa lóru àná. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá eku ti pọ̀ ní àjà. Eku ni òwìwí ń jẹ, ibi tí oúnjẹ rẹ̀ bá wà ló ń bà sí.

Ẹ mọ òwe tó ní "àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ". Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fi òwe yìí ba ìyá àgbà kan lórúkọ jẹ́ ládùúgbò, nígbà tí ọmọ náà ti ń ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn kò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ohun méjì tó tẹ̀lé ara wọn lè máà ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Gbogbo òru tí òwìwí ké tí ilẹ̀ mọ́ láyọ̀, kò sẹ́ni tó rántí wọn.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ lọ béèrè. Ohun tí àmì wà fún nìyẹn: kí ó ran ènìyàn lọ síbi ìbéèrè. Kì í ṣe kí ó ran yín lọ síbi ìjà.

Àtẹ́lẹwọ́ ń yún mi, ìpéǹpéjú ń jó, ẹsẹ̀ mi kọ. Kí ni ìtumọ̀ wọn?

Àtẹ́lẹwọ́, owó ni wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìpéǹpéjú, àwọn kan ní tòkè ni kí ojú rí ẹni tó ti ṣe díẹ̀, tìsàlẹ̀ ni ẹkún. Ní ti ẹsẹ̀, kálukú ló mọ tirẹ̀: ọ̀tún ni ẹsẹ̀ ire ẹlòmíràn, òsì ni ti ẹlòmíràn, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló sì ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti kékeré. Èmi kò rí aburú nínú wọn. Ìyá tó ń ta ata á gba owó oníbàárà àkọ́kọ́, á fi kan orí, á fi kan àtẹ ọjà rẹ̀, á ní "ọwọ́ ẹ á dára fún mi lónìí o". Ìwúre ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ ojú tó ń jó fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọmọ tuntun dé. Kí ni ẹsẹ̀ntáyé, ṣé ó sì yàtọ̀ sí orúkọ àmútọ̀runwá?

Ẹsẹ̀ntáyé ni Ifá tí wọ́n ń dá fún ọmọ tuntun, lọ́jọ́ kẹta níbi púpọ̀, kí òbí lè mọ irú ẹni tó wá bá wọn, èèwọ̀ rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ fún un.

Orúkọ àmútọ̀runwá kò nílò Ifá, àmì tí ọmọ gbé wá ló ń sọ ọ́. Ìgè, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Àjàyí dojú délẹ̀. Ìwọ́ wé Òjó àti Àìná lọ́rùn. Irun Dàda ta kókó. Inú àpò ni Ọ̀kẹ́ wà títí wọ́n fi tú u. Agbẹ̀bí ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní ìwé, orúkọ ni wọ́n fi kọ bí ọmọ ṣe bí sílẹ̀, ogójì ọdún lẹ́yìn náà ẹ ṣì lè kà á lára ẹni náà. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo àmì yòókù lọ.

Mùsùlùmí ni mí. Yanrìn títẹ̀ ńkọ́?

Atẹyanrìn á tẹ àmì tó-tó-tó sínú yanrìn láìka iye wọn, á máa pa wọ́n rẹ́ ní méjì-méjì títí á fi ku ẹyọ kan tàbí méjì. Ìlà mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ló ń di ojú kan, ojú mẹ́rìndínlógún ló sì wà lápapọ̀. Ẹ ó rí i pé ó jọ Ifá gidigidi. Láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni yanrìn títẹ̀ ti wá, Ifá náà kò sì fi Ìmàle pamọ́, nítorí pé Òtúá Méjì ni odù tí ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù.

Àwọn àáfà púpọ̀ kò fọwọ́ sí yanrìn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni ìstíkhárà: ẹ ó kí ìrun rákà méjì, ẹ ó bẹ Ọlọ́run kí ó darí yín lórí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ìyẹn kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ rárá, ìtọ́sọ́nà ni ẹ ń tọrọ.

Àwọn wòlíì ìjọ Aládùúrà ńkọ́?

Láti ìgbà tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún 1925, tí Oschoffa sì bẹ̀rẹ̀ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, ìran ti di ara ìsìn wọn. Ẹ fetí sí bí wòlíì Aládùúrà ṣe ń sọ̀rọ̀: á sọ ohun tó rí, kò sì ní dákẹ́ síbẹ̀, á fi àwẹ̀, Sáàmù, àbẹ́là àti omi àdúrà tì í. Ẹni tó bá mọ Ifá á mọ ìlànà yẹn.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun tí àwọn kan ń jù sáyé: "gbajúmọ̀ kan yóò kú", "mo rí ọkọ̀ òfuurufú". Kò sí orúkọ, kò sí àtúnṣe, ọdún kan kò sì lè kọjá láìsí gbajúmọ̀ tó kú. Diutarónómì 18:22 ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tó gba Bíbélì gbọ́: bí ohun tí wòlíì sọ kò bá ṣẹ, Olúwa kọ́ ló rán an.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń dífá ọdún ní Kúbà. Ṣé tiwa náà ni?

Tiwa ni, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀. Bí ọdún bá ń parí, àwọn babaláwo á péjọ ní Havana, wọ́n á dífá, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, wọ́n á kéde odù tó jọba lórí ọdún náà, òrìṣà tó ni ọdún, bóyá ire ni tàbí ibi, àti ẹbọ tó yẹ. Letra del Año ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀rọ̀ wọn, iré, ebbó, diloggún, kò nílò ògbufọ̀ fún ọmọ Yorùbá. Obì kò pọ̀ lọ́hùn-ún, awẹ́ àgbọn mẹ́rin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ṣì ń pè é ní obí. Nílé, Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn awo ti ń ṣe ọdún Ifá tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí Ifá sọ fún ayé.

Babaláwo méjì sọ ohun méjì fún mi. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọjọ́ wo ni ẹ lọ? "Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Ohun tí Ifá sọ lóṣù tó kọjá jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ọjọ́ kan náà ni, ẹ wo ìbéèrè tí ẹ sọ sówó: ṣé ọ̀kan náà ni? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà tí ọ̀rọ̀ sì ta kora, ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè odù tó jáde, kí wọ́n sì ki ẹsẹ rẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò lè dárúkọ odù kò dífá fún yín.

Wọ́n ní mo máa kú bí n kò bá san owó ńlá fún ẹbọ. Ṣé kí n san án?

Ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Mo sọ èyí gbangba nítorí pé mo ti rí ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹbọ inú ẹsẹ Ifá ni ẹyẹlé, àdìẹ, obì, epo, aṣọ, owó ẹyọ. Nígbà mìíràn, pé kí ènìyàn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Bí agbára yín kò bá ká ohun tí wọ́n kà, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, ìbò yóò sì tún béèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá yóò gba èyí tó kéré. Àwọn àgbà awo kì í fi ikú dúnàádúrà.

Bí ó bá jẹ́ pé a ti yan orí láti ọ̀run, kí ni ìwúlò Ifá dídá?

Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń bọ̀ láyé: Oríṣẹẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ sílé Àjàlá tó ń mọ orí, wọn kò bá a nílé, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, orí náà kò sì dára. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà sílé bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kí ó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, ó sì mú nínú rẹ̀ lọ. Ó bá arúgbó kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, ìyẹn sì fọ̀nà hàn án. Ó débẹ̀, Àjàlá sá sí àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a yan orí tó dára.

Nínú ìtàn yìí, Ifá ti wà kí yíyàn tó wáyé. Lẹ́yìn yíyàn náà, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe: orí rere tí kò ṣiṣẹ́ kò ní dé ibì kankan, ẹbọ sì ń ran orí tó ní àléébù lọ́wọ́.

Wọ́n ní ewu ń bọ̀. Mo rúbọ, ewu kò dé. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó fẹ́ dé tẹ́lẹ̀?

Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀. Bí àsọtẹ́lẹ̀ yìí ṣe yàtọ̀ sí ti onímọ̀ ìràwọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn lójú, òkùnkùn sì kọjá lórí Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà. Wọ́n ti ṣírò wákàtí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ẹbọ tó lè yí i padà. Ifá kì í sọ irú ìyẹn. Ó ń sọ pé "bí o bá ń lọ báyìí, ibí ni yóò já sí, ṣùgbọ́n yà síhìn-ín". Jónà kojú ọ̀ràn kan náà ní Nínéfè: ó ní ogójì ọjọ́ ló kù kí ìlú pa run, àwọn ará ìlú ronú pìwà dà, ìlú kò sì pa run. Inú bí Jónà. Àwọn ará Nínéfè kò bínú ní tiwọn.

Nítorí náà, ẹ má fi ewu tí kò dé díwọ̀n babaláwo. Ẹ kọ odù tó jáde sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá a, ẹsẹ tí wọ́n kì, ẹbọ tí wọ́n ní kí ẹ rú àti èyí tí ẹ rú. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ mú ìwé náà dání, kí babaláwo kà á kí ó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀.